Àpáta Tí Mo Ń Sá Èlùbọ́ Sí Di Ilé Góòlù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dáadáa, kí n ròyìn bí mo ṣe di àlejò nílé ọkọ mi nítorí òkúta.

Ọmọ Ìfọ́n ni mí, Ìlobù ni mo ti lọ́kọ, ó ti pẹ́. Àpáta ńlá kan wà lóko wa tí mo máa ń sá èlùbọ́ tí mò ń tà sí. Òkúta funfun kan là á já bí okùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló bìkítà? Èmi nìkan ló ń gbá a, èmi nìkan ló ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀.

Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Délé, rí ohun tó ń dán yinrin nínú funfun yẹn. Wọ́n ti wo fídíò lórí fóònù, wọ́n ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní inú irú okùn bẹ́ẹ̀ ni góòlù máa ń wà.

Lọ́jọ́ kejì mo ru iṣu dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, má gun ibẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìfọ́n ni ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé ilé yín."

Ilé yín kẹ̀? Èmi tí mo bímọ fún wọn? Mo wo ọkọ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá Délé àtàwọn ọkùnrin ilé dáná lé àpáta lórí, wọ́n da omi tútù sí i kó lè sán. Ó sì sán. Wọ́n fi òòlù lù ú títí orí rẹ̀ tó tẹ́jú fi dà bí ẹnu arúgbó.

Wọ́n wá mú ọ̀dọ́bìnrin kan tó kàwé nípa òkúta wá láti Òṣogbo. Ó ní láyé àtijọ́ àpáta náà sán nínú ilẹ̀, omi gbígbóná gba ojú ibẹ̀ kọjá, ohun tó gbé wá ló dì di òkúta funfun. Ó ní omi bẹ́ẹ̀ máa ń gbé góòlù wá nígbà mìíràn. Bàbá Délé ń mi orí bí alága ìpàdé. Ọmọ náà wá fi òòlù lu èyí tó ń dán. Ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó ń rùn bí ìṣáná. Ó ní ká ní góòlù ni, ṣe ni ì bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Irin àti imí-ọjọ́ lásán lèyí.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Délé yọjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́: ṣé ìyàwó àwọn ò ní padà sórí àpáta ni? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ibo lẹ fẹ́ kí n sá èlùbọ́ sí níbẹ̀?"

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kà yín mọ́ ọmọ ilé, ẹ jẹ́ kí nǹkan tó ń dán jáde lóko. Ta ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Kí ọkọ mi náà kọ tiẹ̀, mo ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀ tí kò sọ lọ́jọ́ yẹn.