Wọ́nwọ́n Mọ́kànlá Tó Hù Sọ́wọ́ Sẹkura

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Sẹkura nígbà tí wọ́nwọ́n àkọ́kọ́ hù sí i lọ́wọ́. Ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún ló ti yọ, kókó kékeré kan tó le bíi hóró iyọ̀, tí kì í dunni. Kò kà á sí. Nígbà tí wọ́n fi máa kórè ólífì tán lọ́dún náà, wọ́n ti di mọ́kànlá, méje lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́rin lọ́wọ́ òsì. Èyí tó tóbi jù jókòó sáàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé òun ló ni ibẹ̀.

Ká ní ẹlòmíràn ló hù sí ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni gbogbo abúlé Tawrirt fi mọ Sẹkura. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Abúlé kan ní òdì kejì àfonífojì ni wọ́n ti gbé e wá níyàwó, ọdún kan péré ni Mokran ọkọ rẹ̀ sì lò pẹ̀lú rẹ̀ kó tó bá tirẹ̀ lọ sí Faransé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin. Òun àti Fẹta, ìyá ọkọ rẹ̀, ló kù nílé. Ìyàwó àlejò tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé kì í rí ẹni kà á kún. Kúskúsù, oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ló sọ Sẹkura dèèyàn ní Tawrirt. Bí ìgbéyàwó bá dé, bí òkú bá kú, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Á jókòó sílẹ̀, á na ẹsẹ̀, á gbé ọpọ́n igi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sáàárín ẹsẹ̀, á bu ìyẹ̀fun ọkà sí i, á wọ́n omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, á wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, á máa yí i lọ sí ọ̀tún, sí ọ̀tún, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, títí ìyẹ̀fun á fi di hóró wẹ́wẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ra.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ burúkú sí i nítorí wọ́nwọ́n náà. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Wọ́n sìnkú bàbá àgbà kan tó ń gbé lẹ́bàá ìsun omi, ọpọ́n kúskúsù tí Sẹkura yí sì padà wá bó ṣe lọ. Àwọn obìnrin ní ebi kò pa àwọn ọkùnrin lọ́jọ́ náà ni. Nígbà ìgbéyàwó tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó wá bá àwọn pọn omi. Ó bi wọ́n pé kúskúsù ńkọ́, ẹni tí wọ́n rán sí i sì wo ọwọ́ rẹ̀ fìrí, ó yáa gbójú kúrò.

Ó ní, “Sinmi, jàre. O ti ṣe tó.”

Fẹta bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn. Obìnrin gbọọrọ ni, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, “Ìràwọ̀ ni o jókòó sórí òrùlé kà. Ẹni tó bá ka ìràwọ̀, ara rẹ̀ ni iye tó kà máa hù sí.”

“Màmá, èmi tí mo ti ń sùn kí oúnjẹ tó dà nínú mi, ìràwọ̀ wo ni mo rí kà?”

Oje ọ̀pọ̀tọ́ tútù ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Ní gbogbo òwúrọ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, Sẹkura á já èso tí kò tíì pọ́n, á sì kán wàrà funfun ibẹ̀ sórí kókó kọ̀ọ̀kan. Awọ tó yí wọn ká bó, wọ́nwọ́n kò mira. Wọ́n fi áyù gígún dì í, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ọkùnrin kan tó ń tẹ àgbò lọ́dàá fa irun ìrù ìbaaka, ó fi so èyí tó wà lára ìka lọ́rùn pinpin. Ìyẹn dúdú, ó já bọ́, kò sì ju oṣù kan lọ tí méjì fi hù dípò rẹ̀, kí wọ́n tó tún padà di ẹyọ kan. Fẹta tún ní kó lọ da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sínú iná aládùúgbò, kó sì sáré jáde kó tó gbọ́ tí iyọ̀ ń ta. Sẹkura sáré, ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì nà gbalaja, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń ta pàràpàrà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ooru, Fẹta ń ya òwú àgùntàn nínú àgbàlá. Ó ní ó ku oògùn kan. Kò gbójú sókè. Ó ní kí Sẹkura mú hóró ọkà báálì mọ́kànlá, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kan wọ́nwọ́n kọ̀ọ̀kan, kó sì gbé wọn lọ sí sàréè ẹni tí gbogbo ayé ti gbàgbé. Ọ̀sán gangan ni, kí wọ́n tó pe ìrun. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kó fi ìka lu ilẹ̀ níbi orí òkú, kó gbin hóró náà síbẹ̀, kó wí pé, “Ìwọ tí wọ́n gbàgbé, gba èyí tí mo fẹ́ gbàgbé.” Kó wá máa bọ̀ láìwẹ̀yìn.

Sẹkura bi í pé níbo ni irú sàréè bẹ́ẹ̀ wà.

Fẹta ní, “Kì í ṣe inú itẹ́ òkú. Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ni, lẹ́yìn ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, nídìí igi tí àrá là sí méjì. Òkúta mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìkejì ni orí.”

Ó lọ. Oòrùn wà láàárín orí, kò sì sí òjìji kankan nílẹ̀. Kòkòrò tó ń han lórí igi ólífì láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe yí ẹ̀yìn ọgbà náà, ó sì gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó rí òkúta mẹ́ta náà láàárín koríko gbígbẹ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka lu ilẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tó yẹ kó máa jó o lọ́wọ́ tutù nini, ó rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Ó gbin hóró mọ́kànlá, ó sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ, ó sì dìde. Ní gbogbo ìgbà tó ń rìn lọ, ó ń ṣe é bí ẹni pé ẹnìkan ti jókòó sókè níbẹ̀ tó ń wò ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ keje, nígbà tó ń fọ ọwọ́, kò bá wọ́nwọ́n kankan níbẹ̀ mọ́. Wọn kò já bọ́, kò sí àpá, kò sí ẹ̀jẹ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí láyé. Ó nà án sí Fẹta. Fẹta wò ó, ó ní ó dára, ó sì kọjá lọ síbi òwú rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, abúlé pa màlúù, wọ́n fẹ́ pín in láti ilé dé ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àwọn obìnrin sì tún ránṣẹ́ pe Sẹkura. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé ọpọ́n sáàárín. Ó wọ́n omi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sí òsì.

Ó rò pé àṣìṣe ni. Ó dá a padà sí ọ̀tún. Nígbà tó fi máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ gbólóhùn kan, ọwọ́ òsì ló ti wà lókè, tó ń yí sí òsì, kíákíá, bí ọwọ́ ẹni tó ti ṣe é fún ogójì ọdún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà nà síbi tí ewéko olóòórùn kan wà, irú èyí tó ń hù lára àpáta, ó já díẹ̀, ó rún un sínú omi. Kò sẹ́ni tó kọ́ Sẹkura nírú èyí rí. Hóró tó jáde tín-ín-rín, wọ́n sì dọ́gba délẹ̀. Àwọn obìnrin ń yìn ín, ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n òtútù mú un láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka.

Àwọn ọkùnrin jẹun nílé ìpàdé. Kò pẹ́ tí Akli fi yọ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá àwọn obìnrin. Òun ni àgbà jùlọ ní Tawrirt, ọkùnrin kì í sì í wá síbi tí obìnrin ti ń dáná. Ó mú ṣíbí rẹ̀ dání, ó dà bí ẹni tó gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ òun.

“Ta ló yí kúskúsù yìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Rárá,” Akli wí. “Kì í ṣe ìyá rẹ ló kọ́ ọ lèyí.”

Ojú rẹ̀ kúrò lára Sẹkura, ó ń wá ẹnìkan láàárín àwọn obìnrin. Fẹta ló ń wá. Fẹta ti lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sẹkura jókòó ti ọpọ́n nílé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò tún rí bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀. Fẹta gbé omi wọlé, ó rí ọwọ́ òsì tó ń yí, ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà á. Ibẹ̀ gan-an ni ohun kan ti là sí Sẹkura lọ́kàn, ó sì yà á lẹ́nu pé kò ronú kàn án láti ọjọ́ yìí.

Ó ní, “Màmá, sàréè tí gbogbo ayé gbàgbé, báwo lẹ ṣe mọ èyí tó jẹ́ orí nínú àwọn òkúta rẹ̀?”

Fẹta jókòó sínú omi tó dà sílẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dúró. Ó ní ọdún tí iná, kòkòrò inú aṣọ, ń kó àrùn kiri ni, ọdún ìyàn, òun gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Opó kan wà nílé kejì tó ń jẹ́ Jẹjiga, ọlọ́wọ́ òsì, òun ló ń yí kúskúsù fún gbogbo Tawrirt. Àìsàn náà mú un. Àwọn ọkùnrin pàdé, wọ́n ní kó má baà ran gbogbo ilé, wọ́n fi ìtì igi dábùú ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Akli wà lára àwọn tó gbé ìtì igi náà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé òun Fẹta àti ti Jẹjiga. Jẹjiga ń kan ògiri náà, ó ń pe òun Fẹta lórúkọ, ó ń tọrọ omi. Ó kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta.

“Ẹ fún un?”

“Mi ò fún un. Wọ́n ní ẹni tó bá fún un, àwọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ òun náà.” Fẹta wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Lọ́jọ́ kẹrin, kò kàn án mọ́. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ògiri, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí àrùn náà má baà mọ ọ̀nà padà. A ò sì dárúkọ rẹ̀.”

“Ẹ sì rán mi sí i.”

“Sàréè tí mo mọ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Mi ò mọ òmíràn.”

Sẹkura kò bá a jà. Ó parí kúskúsù tó wà nínú ọpọ́n, ó jẹ́ kí ọwọ́ náà ṣe é bó ṣe fẹ́, ó sè é, ó bu ú sínú àwo, ó pọn omi sínú ìkòkò kékeré. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó gbé wọn jáde. Fẹta tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ó pè é. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, ìyá àgbà náà jókòó sílẹ̀. Sẹkura nìkan ló dé ìdí òkúta. Ní ibi orí, ọkà báálì ti hù, ewé rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ láàárín koríko tó ti kú tán. Ó kà wọ́n, mọ́kànlá ni. Ó da omi sílẹ̀. Ilẹ̀ fà á mu wẹ́rẹ́, ó tún da ìyókù, ó fà á mu, títí ìkòkò fi gbẹ. Bó ṣe ń gbé àwo kúskúsù sórí òkúta kejì ló gbọ́ ohùn Fẹta láti ẹ̀yìn ọgbà, ohùn tó ha bí ohùn ẹni tí kò lò ó rí.

“Jẹjiga,” ni Fẹta ń pè. “Jẹjiga. Fẹta ni o.”

Wọ́n dúró. Nígbà tó ṣe, kòkòrò tó ti dákẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í han lórí igi ólífì.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ Sẹkura ti padà sí ọ̀tún. Ó gbìyànjú láti yí i sí òsì lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ni ìyẹ̀fun ń dì mọ́ra. Kí oṣù tó parí, wọ́nwọ́n mẹ́ta tún ti hù, ọ̀kan nínú wọn láàárín àtẹ́lẹwọ́. Kò wá oògùn kankan sí wọn mọ́. Abúlé wá ẹlòmíràn tó ń yí kúskúsù fún wọn, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó dun Sẹkura, ó kàn ń fara mọ́ ọn ni. Mokran wálé nígbà ooru ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé tirẹ̀ tí irin ti jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ta ló borí nínú wọn báyìí. Sẹkura kò sọ ìtàn náà fún un. Fẹta kú ní ọdún kejì nígbà tí yìnyín bo òkè.

Nígbà tí wọ́n tún pa màlúù lẹ́yìn ikú Fẹta, Sẹkura yí kúskúsù díẹ̀ nílé ara rẹ̀, ó bu àwo kan, ó bò ó, ó gbé e gba ẹ̀yìn ògiri itẹ́ òkú. Akli ti ń ṣàìsàn, kì í jáde mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òun ń lọ síbẹ̀.

Nígbà tó yí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún kọjá, àwo kan ti wà lórí òkúta kejì. Kúskúsù ló wà nínú rẹ̀, hóró rẹ̀ tín-ín-rín, ewéko àpáta ń ta sánsán nínú rẹ̀, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀. Sẹkura wo ọ̀nà, ó wo abẹ́ igi, ó wo òkè ògiri. Kò rí ẹnì kankan, kò sì sí ipasẹ̀ kankan nínú erùpẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àwo tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá níbẹ̀, ó kí ẹni tó ni ibẹ̀ lórúkọ, ó sì ń lọ sílé.