Ìka Mi àti Báàjì Orí Ìṣó

Ata ni mo ń lọ̀ lórí ọlọ lọ́jọ́ Sátidé kan nílé wa ní Òmù-Àrán, tí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi ta mí bíi pé iná jó o. Mo fọ ọwọ́, mo wò ó fínnífínní, mi ò rí ojú ọgbẹ́. Ohun tí mo rí ni pé awọ ibẹ̀ ti gbẹ, ó ń dán, èékánná sì ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi òróró pa á, mo bá ata mi lọ. Mo mọ ara mi: tí nǹkan bá ń ṣe mí, mo máa ń kọ́kọ́ bínú sí i kí n tó tọ́jú rẹ̀.

Inú iṣẹ́ mi ni àìsàn yìí ti wá. Èmi ni mo ń ya ẹ́síréè ní ilé ìwòsàn kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ní àgbègbè wa. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun fún wa, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù àti ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi òjé ṣe. Òjé ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tí ẹ̀rọ náà fi ń ya egungun, wọ ara òṣìṣẹ́. Nígbà tí nǹkan wá le, ìbọ̀wọ́ náà ya. A kọ̀wé béèrè òmíràn títí, a ò rí èsì. Mo jù ú sábẹ́ tábìlì, mo ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọdé tí mo fẹ́ràn ló fà á. Ọmọ tó já bọ́ lórí igi máńgòrò kò ní dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ ya apá rẹ̀. Bó ṣe yẹ ni pé kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wọ òjé kó dì í mú, kí èmi wà lẹ́yìn ògiri. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń sunkún nílẹ̀ wa níbí? Tí ìyá bá ti ń gbọ̀n, tàbí tí mo bá fura pé ó lóyún, màá ní, “Ẹ gbé e wá, ọmọ mi ni.” Okùn bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ya àwòrán gùn dé ìdí ọmọ. Màá fi ọwọ́ ọ̀tún di ọmọ mú, màá fi òsì tẹ bọ́tìnnì.

Òfin iṣẹ́ wa ní kí oníkálukú máa wọ báàjì kékeré kan sí àyà. Fíìmù wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kà á, àwọn yẹn á sì sọ iye ìtànṣán tó ti bá èèyàn lára. Ara kóòtù funfun mi ni tèmi wà. Kóòtù náà ńkọ́? Orí ìṣó ló wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọṣẹ ti wọ́n, omi kì í yọ déédéé, mi ò sì fẹ́ kí omi tí a fi ń fọ fíìmù ta sí i. Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá bá ń bọ̀ wá ṣe àbẹ̀wò nìkan ni mo máa ń wọ̀ ọ́. Bí ìṣó ṣe bá mi wọ báàjì fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, tí inú mi sì ń dùn pé kóòtù mi mọ́.

Kò pẹ́ tí ìka náà fi dégbò. Ó máa jọ pé ó fẹ́ jinná, á tún ṣí. Mi ò lè di ọ̀bẹ mú mọ́. Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Òrò, ló ń bó iṣu, òun ló ń gé ẹran mi. Ó ní, “Wọ́n ti fi ìyàwó mi joyè, wọ́n ń gé ẹran fún un.” Mo bú u, mo sì rẹ́rìn-ín. Dókítà àgbà ilé ìwòsàn wa ní ọṣẹ ni kò bá mi lára mu. Nígbà tí ìpara kò ṣiṣẹ́, ó kọ lẹ́tà lé mi lọ́wọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin lọ rí dókítà awọ ara.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tó kàn mí, dókítà náà wo ìka, ó wo èsì báàjì tó wà nínú lẹ́tà.

“Ṣé ẹ máa ń di aláìsàn mú fúnra yín?”

“Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sà.”

“Báàjì yín ò fi nǹkan kan hàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìpara mìíràn dán an wò fóṣù mẹ́ta.”

Mi ò sọ fún un pé orí ìṣó ni báàjì náà ń gbé. Wọ́n ti kọ́ wa níléèwé pé awọ tí ìtànṣán bá jó lè di jẹjẹrẹ, kó sì ná èèyàn ní odindi ọwọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni òfin ní kí n wọ báàjì. Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè dá mi dúró, wọ́n sì lè gba ìwé ẹ̀rí mi. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Mo gba ìpara, mo wálé.

Ní ọjọ́ kejì mo yà síbi iṣẹ́. Kẹ́hìndé, òṣìṣẹ́ tuntun tí wọ́n rán wá kó dúró fún mi nígbà tí mo bá ń tọ́jú ọwọ́, tí mo sì ti kọ́ níṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wà nínú yàrá. Oyún rẹ̀ ti hàn. Ó wọ épúrọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ló fi di ọmọ kan mú, ó ń kọrin fún un.

Mo dúró kó parí. “Kẹ́hìndé, báàjì rẹ dà?”

“Ó wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, mà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ́ kí kóòtù dọ̀tí.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn wò. Kóòtù méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n funfun báláú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Tóyìn, ó gbé iṣu tó ń bó sílẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́. Tí wọ́n bá lé ọ, a ó jọ máa ṣoko.” Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn tún yàtọ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo gbé e fún dókítà àgbà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun á fún mi níwèé ìkìlọ̀, nítorí mo jẹ̀bi. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí ilé ìwòsàn ni òfin ní kó pèsè ìbọ̀wọ́, òun sì mọ̀ pé kò sí. Ó ti yàrá náà pa lọ́jọ́ yẹn gan-an títí ìbọ̀wọ́ fi dé, ó sì kọ lẹ́tà tuntun sí Ìlọrin.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà awọ ara kò sọ̀rọ̀ ìpara. Ó gé ẹran bíńtín lára egbò náà, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi dúró de èsì gùn ju oyún Tóyìn lọ. Jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tàn dé ibòmíràn. Wọ́n gé ìka náà níbi oríkèé òkè, wọ́n bó awọ díẹ̀ lára itan mi, wọ́n fi bo ìka tó tẹ̀ lé e, tí ìtànṣán ti jó awọ tirẹ̀ náà. Kí n má parọ́ fún yín, itan náà dùn mí ju ọwọ́ lọ. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lè lọ ata, oṣù mẹ́ta tí ǹ bá fi máa pa ìpara.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní egbò tí kò jinná, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà yín, pàápàá èyí tó ń tì yín lójú.

Wọn ò lé mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Kẹ́hìndé gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn wá. Ìyá rẹ̀ wọ òjé, ó dì í mú. Ọmọ náà ń sunkún, ó na ọwọ́ sí mi. Gbogbo ara mi fẹ́ lọ. Mo dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú báàjì láyà mi, mo ń pe oríkì rẹ̀ fún un títí mo fi tẹ bọ́tìnnì.

Ìgbà yẹn ni mo tó jáde lọ gbé e. Ó di ìka mi kúkúrú mú, ó dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tó ké sí mi nídìí ọlọ. Ọwọ́ tí ǹ bá pàdánù ni mo fi gbé e.