Igi Tí Bàbá Eléèémí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé

Ọjọ́ tí àwọn àlejò tó fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ ìwádìí igbó dé ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ kan, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bá ọ̀gá ibẹ̀. Ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó gbá ike olómorí kan mọ́ ara igi bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra. Wọ́n kí i. Ọwọ́ ló fi júwe pé kí wọ́n sún sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí i. Èémí igi ni mo fẹ́ gbà, kì í ṣe tiyín."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sún mọ́ ọn. "Bàbá, àbí ara igi yìí ò yá ni?"

"Ara ẹ̀ yá ju tìẹ lọ."

Odindi ìṣẹ́jú kan ni àwọn àlejò fi sé èémí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Eléèémí nìyẹn.

Mítéènì ni gáàsì tí Bàbá ń lé kiri, ó wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Igi inú ẹrẹ̀ a máa fà á láti inú ilẹ̀, a sì mí i síta. Ilẹ̀ igbó tó gbẹ a máa gbé e mì. Bàbá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ bí wọ́n bá gé igbó, ló bá fi ìṣirò kọ́ odindi igbó kan sínú kọ̀ǹpútà. Orí kunkun rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Bí iye tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ńṣe ni yóò máa ná an bí ẹni ń ná ọjà.

"Ó ti pọ̀ jù. Dín in kù."

Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Èmi tí mo létí, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí."

Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ó gé igbó inú kọ̀ǹpútà lulẹ̀, ó gbàgbé láti pa èémí àwọn igi náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni òkú igi fi ń mí, kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tí àṣírí tú níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, obìnrin náà mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Bàbá dìde.

"Èmi ni. Mo gé igi, mo gbàgbé láti sọ fún un pé ó ti kú."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì lọ tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí Bàbá papòdà, obìnrin yìí ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìwé àbájáde iṣẹ́ náà jáde, ó gé gbogbo igbó inú kọ̀ǹpútà náà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ mítéènì bíńtín ṣì ń jáde. Ó rò pé àṣìṣe òun ló tún padà dé, kò sì sẹ́ni tí yóò gbà á rù mọ́. Ó ń yẹ àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ọ̀rọ̀ tí Bàbá kọ pamọ́ síbẹ̀: "Igi ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa nìyí. Ẹ gé gbogbo yòókù."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀, igi kan kò lè yí ìdáhùn padà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé igi kan ṣẹ́kù, ó sì kọ ẹni tó dá a sí. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ sẹ́yìn ilé.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí, ó fọwọ́ lé ara igi.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti tẹ̀ lé e. "Ṣé ó ṣì ń mí?"

"Ó ń mí."

Ẹ̀ṣọ́ náà sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì sé èémí tirẹ̀.