Bóòtù Tuntun Tó Ń Dán

Ọkùnrin tó ta bóòtù yẹn fún mi dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní fi "wọ́n" bọlá fún un níbí. Kò tọ́ sí i. Okokomaiko ló ti ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Èmi ń ṣe mẹkáníìkì níwájú ilé wa lójú ọ̀nà Ìbà.

Nígbà yẹn, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í ra bóòtù tuntun fún ibi tó so táyà iwájú mọ́ ọkọ̀. Tòkunbọ̀ là ń wá, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òyìnbó, kódà kó ti dógùn-ún. Tí wọ́n bá ti tẹ nọ́ńbà 8.8 sórí rẹ̀, irin rẹ̀ le, 10.9 tún le jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra ti píkọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó búlọ́ọ̀kù, ọkùnrin yìí ní tòkunbọ̀ ti tán. Ó gbé tuntun tó ń dán fún mi, 10.9 gàdàgbà lórí rẹ̀. "Kà á! Àbí o ò mọ̀wé ni?" Mo rà á, mo tún ra àfikún.

Bóòtù yẹn já lọ́nà Ọ̀jọ́. Píkọ́ọ̀pù wọ gọ́tà, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kán. Ọkùnrin yìí wá kí wọn nílé, ó sì parọ́ mọ́ mi lójú mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àbúrò yín ló yí i le jù." Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ọmọ ìyá mi o! Mo búra pé màá gbẹ̀san.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Lẹ́yìn òjò kan, táyà iwájú ọkọ̀ tirẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú ilé wa gan-an. Bóòtù ti jábọ́. Ó rí mi, ó fẹ́ yí padà. Ibo ló fẹ́ gbà? Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá." Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò wá. Mo mú àfikún bóòtù tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọlé.

Ó fò dìde. "Rárá! Kì í ṣe ìyẹn! Bá mi wá tòkunbọ̀, jọ̀ọ́!"

"Kí ló dé? Ọjà yín mà ni. 10.9 ló wà lórí rẹ̀, ẹ kà á."

"Àwa la tẹ nọ́ńbà sí i! Irin rẹ̀ ò le. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Mo ní kó tún un sọ sókè, kí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo kó irinṣẹ́ mi nílẹ̀, mo ní kó lọ wá mẹkáníìkì mìíràn. Mi ò kábàámọ̀ títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Àbúrò, wá jẹun." Mo lọ. Wọ́n fẹ́ ká ẹsẹ̀ wọn tó kán yẹn kò kí n lè ráyè jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ náà kò ká. Orí ìdúró ni mo ti jẹ oúnjẹ náà.