Bí Ìsinmi Ṣe Rẹ Tauno Kemppainen

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ nìkan ló ń rẹ ènìyàn, kó wá wo Tauno Kemppainen ní Fuengirola lóṣù kejì ọdún. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wa ọkọ̀ ńlá tó ń ti yìnyín kúrò lójú títì ní Kainuu, lápá àríwá Finland. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí, kó lè mọ̀ bóyá yìnyín já. Yìnyín kì í já létíkun Sípéènì, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbọ́ ìyẹn. Á jí, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa wo àjà.

Àwọn àgbà ará Finland tó ń sá òtútù wá sí àdúgbò yìí pọ̀ débi pé wọ́n ní ilé búrẹ́dì tiwọn, wọ́n ní pásítọ̀ tiwọn, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tó ní ilé. Ọdún kẹrin rèé tí Tauno àti Saimi ìyàwó rẹ̀ ti ń wá. Nítorí ọwọ́ Saimi ni. Bí òtútù bá mú ní Kainuu, oríkèé ìka rẹ̀ á wú, ìka náà á sì ká kò bí èékánná ẹyẹ. Tauno ló máa ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù. Tó bá ti lo oṣù kan nínú oòrùn níhìn-ín, ìka á nà.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Ọkùnrin kan láti Helsinki fẹ́ ra ilé wọn tó wà létí adágún. Ó ti ní òun á pè lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́fà, kí òun gbọ́ èsì. Bí wọ́n bá tà á, ó parí nìyẹn, Sípéènì di ilé wọn. Tauno kò fẹ́ tà á, kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Wọn kò jà o. Inú sauna ni tọkọtaya yìí ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, yàrá onípákó tí wọ́n ń mú gbóná, tí wọ́n á jókòó sí níhòhò, tí wọ́n á máa bu omi dà sórí òkúta gbígbóná. Ibẹ̀ ni Tauno ti ní kí Saimi fẹ́ òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yan orúkọ fún Jarkko ọmọ wọn, ibẹ̀ náà ni Saimi ti sọ pé ìyá òun kò ní pẹ́ kú. Ìwà wọn yìí wù mí gan-an. Àmọ́ kò sí sauna nínú ilé tí wọ́n háyà níhìn-ín. Ti ẹgbẹ́ ni wọ́n ń lò: ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún àwọn obìnrin, Ọjọ́bọ̀ fún àwọn ọkùnrin. Láti oṣù kọkànlá, tọkọtaya náà kò tíì jọ jókòó nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé wá jókòó sí Tauno nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Saimi gbé kọfí kalẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Jarkko, Bàbá àti Ìyá ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Bàbá, ṣé o sùn?"

"Mo sùn."

"Irọ́. Níbo là ń lọ lónìí?"

"Etí òkun."

"Àná ńkọ́?"

"Etí òkun náà ni."

"Ó dáa. Òkun kò ní tíì lọ."

Wọ́n mú ọ̀pá ìrìn wọn, méjì-méjì, wọ́n jáde. Katakata kan ń ha iyanrìn etíkun kó tẹ́jú. Tauno dúró, ó tẹjú mọ́ ọn bí ọ̀gá tó ń wo ọmọṣẹ́.

"Ọmọkùnrin yìí ń tètè gbé irin yẹn sókè ní kọ̀nà. Wò ó, ó ń fi òkìtì sílẹ̀ lẹ́yìn."

"Iyanrìn ni, Bàbá. Kò ní dí ọkọ̀ kankan lọ́nà."

"Òkìtì ni òkìtì ń jẹ́."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oòrùn ń ràn ṣáá, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Aago mẹ́wàá lù, mọ́kànlá lù. Wọ́n kí ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́rin kí wọn padà. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá sápá òsì, ó tún padà wá sápá ọ̀tún. Orúnkún ń dun Tauno, èjìká ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ kò gbé nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní atẹ́gùn ti yí padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pa ẹnu dé.

Ní ọ̀sán, wọ́n lọ jẹ ọbẹ̀ ẹja ní ilé ẹgbẹ́. Saimi jẹun tán, ó gbé tówẹ̀lì rẹ̀, ó bọ́ sí sauna pẹ̀lú àwọn obìnrin. Tauno wo aago ara ògiri: ó ti kọjá mẹ́ta. Ó dìde, ó lọ bá Rauha, obìnrin tó ń bójú tó sauna, tó tún ń bu ọbẹ̀.

"Rauha, ṣé ẹ ṣì ń ṣe wákàtí ìdílé, èyí tí ọkọ àti aya ń jọ wọ sauna?"

"Sátidé ni. Àwọn tó ní ọmọ kékeré ló wà fún."

"Àwa náà ní ọmọ."

"Jarkko? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

"Gbé e wá, màá bá a wẹ̀," ni Rauha wí, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

Tauno kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá Saimi sọ."

Ẹ̀rín dá. Láàárín àwọn ènìyàn yìí, kí ọkùnrin sọ irú gbólóhùn yẹn ní gbangba, ó ju kó bọ́ ṣòkòtò lọ. Àwọn bàbá tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ọbẹ̀ wọn.

Rauha fi ṣíbí ìbubẹ̀ lélẹ̀. "Obìnrin mẹ́ta ló wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú rẹ̀. Màá lé wọn jáde láago mẹ́rin. Ìdajì wákàtí lẹ ní."

Saimi fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní nígbà tí ọkọ òun wọlé tó sì gun orí pákó òkè, òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Òun bu omi, òun dà á sórí òkúta, wọ́n tẹríba kí ooru kọjá.

"Sọ ọ́, Bàbá."

"Ó rẹ̀ mí."

"Kí ló rẹ̀ ọ́?"

"Ìsinmi. Mi ò fẹ́ ta ilé, Ìyá."

Saimi tún bu omi sórí òkúta. "Èmi rò pé ìwọ lo fẹ́ tà á. Nígbà tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ pè, o ní ó ṣeé ṣe."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ pé bóyá."

"Kí n má baà bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ta ilé fún ara wọn bẹ́ẹ̀.

Saimi wá ní, "Ṣùgbọ́n gbọ́. Mi ò lè lo ìgbà òtútù níbẹ̀ mọ́. Bí ilé bá ń fà ọ́, máa lọ lọ́la. Màá wá bá ọ lóṣù karùn-ún."

Láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ọ̀sẹ̀ tó fi bí Jarkko nìkan ni wọ́n fi sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tauno wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìka márààrún ló fi di igi ìbumi yẹn mú ṣinṣin.

"Màá dúró," ló wí.

"Má dúró nítorí mi."

"Nítorí ta ni, ṣé nítorí òkun? Màá dúró, lọ́dọọdún. Kí ilé ṣáà wà níbẹ̀."

Rauha kan ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹ ti parí, àbí ẹ ti jinná?"

Nígbà tó di aago mẹ́fà, fóònù dún. Tauno gbé e, ó ní, "Kemppainen." Ó gbọ́ díẹ̀. Ó ní, "A ò tà á," ó sì gbé e sílẹ̀.

"Kí ló sọ?" ni Saimi bi í.

"Mi ò mọ̀. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

Saimi se kọfí, wọ́n mu ún ní báránńdà. Ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sílé. Tauno mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni yóò rẹ òun.