Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ebè Àna Mi Di Ọ̀nà

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Manigri, mo gbà pé orí mi pé ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n? Ìgbà iṣẹ́ ipá là ń wí yìí, nígbà tí ìjọba Faransé ń fi ọkọ́ wa la ọ̀nà tí wọn kò bi wá bóyá a fẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ní láti yọ ọkùnrin kan fún ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Bassila. Èmi ni ilé wa yọ, bóyá nítorí agbára mi, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó máa wá mi.

Ọdún yẹn gan-an ni bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya ní kí n wá kọ igba ebè fún òun. Ebè àna kì í ṣe ebè lásán. Bàbá ìyàwó kì í wo ojú rẹ, kì í gbọ́ ẹnu rẹ, ebè ló ń wò. Bí ó bá ga, tí orí rẹ̀ rí roboto, a jẹ́ pé ọmọ òun kò ní febi sùn. Bí ó bá wọ́, kí o máa lọ sílé yín. Ó ní kí igba náà pé kí oṣù tó kú. Ìjọba náà sì fẹ́ kí ọ̀nà parí kí oṣù kan náà tó kú, nítorí kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bẹ gáàdì tó ń ṣọ́ wa, kí ó jẹ́ kí n ṣe ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, kí n tó wá lọ fi ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn kọ ebè. Ó ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní eku wo? Ọkọ́ kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, apá kan náà ni. Màá ṣe ọ̀nà láàárọ̀, màá kọ ebè nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ń jowú ọpọlọ mi ni.

Ohun tí ọpọlọ náà kò sọ fún mi ni pé ọ̀nà fẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú, ebè fẹ́ kí ilẹ̀ dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ti kó òkìtì mẹ́ta jọ sí àárín ọ̀nà kí n tó mọ̀. Gáàdì wá dúró lé mi lórí. Ṣẹ́fù, ìyẹn ọ̀gá, la gbọ́dọ̀ máa pè é, bó bá sì pàṣẹ, 'Wí, ṣẹ́fù' ni èsì, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, ní Faransé.

"Ṣé o fẹ́ kí ọkọ̀ kọ̀máńdà wá wa iṣu ni?"

"Rárá, ṣẹ́fù."

Pàṣán ló fi bá mi sọ ìyókù.

Nírọ̀lẹ́, ní oko, ebè márùn-ún àkọ́kọ́ máa ń rí bí àkàrà tí ẹnìkan jókòó lé. Yóò pẹ́ kí ọwọ́ mi tó rántí ibi tí ó wà, nígbà tó bá sì fi rántí, oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn ènìyàn ní ó rẹ̀ mí ni. Irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ ni, ṣebí ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ì bá máa ṣe mí. Ó ń ṣe mí láàárọ̀ tí ara mi ṣì le koko. Ìrìn tí mò ń rìn láti ọ̀nà dé oko kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń jẹ ọjọ́ mi ni èyí tí mo fi ń dúró de ara mi lẹ́yìn tí mo ti dé. Síbẹ̀ n kò yí ọ̀nà mi padà, nítorí mo ti fi í yangàn.

Nígbà tí oṣù ku díẹ̀ kó kú, gáàdì fi igi ìlulẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni mo fi ń lu ọ̀nà náà kí ó lè le, mo sì sáré gba oko lọ. Bàbá ọmọ náà ti gbin àṣàyàn èbù iṣu rẹ̀ sínú ogójì ebè tí mo kọ́kọ́ parí, ó ti fi koríko bo orí wọn nítorí oòrùn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ká koríko kúrò, mo fi ọkọ́ wó ebè, mo fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo bọ́ sí èkejì. Ẹ wá wo iṣẹ́! Kò sí gáàdì kan ní gbogbo Dahomey tí kò ní yìn mí. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya náà ló gbé omi wá fún mi. Ó dúró, ó wò mí títí.

"Kí lẹ ń ṣe yìí?"

Mo nà ṣánṣán, mo gbé ọkọ́ lé èjìká. "Wí, ṣẹ́fù! Ó ku díẹ̀!"

Ó rọra sọ omi náà kalẹ̀. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀ ni oko tó padà di oko lójú mi. Ebè mọ́kànlá ti lọ, èbù tó wà nínú wọn ti fọ́ yángá.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, iṣẹ́ ọ̀nà ló fà á."

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Lọ bá kọ̀máńdà. Bóyá ó ní ọmọbìnrin tó lè fún ọ." Ṣùgbọ́n kò lé mi. Ó ní ọmọ òun ló rí mi, ọmọ òun ni kó sọ bóyá òun ṣì ń fẹ́.

Mo lọ dúró dè é ní ọ̀nà odò ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀rù ń bà mí ju ti gáàdì lọ, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ní màá tún ebè náà kọ, màá wá èbù mìíràn. Ó gbọ́ mi tán, kò sì bínú, ìyẹn gan-an ló burú.

"Ọ̀rọ̀ èbù kọ́," ló wí. "Ẹ wo ojú mi, ẹ pè mí ní ṣẹ́fù. Ara yín ti dé, ẹ̀yin gan-an ò tíì dé. Mi ò lè máa gbé oúnjẹ síwájú ọkọ, kí n tún jókòó máa retí rẹ̀."

Mo mọ̀ pé èsì ọ̀rọ̀ yẹn wà. Mo ṣì ń wá a nígbà tó gbé ìkòkò rẹ̀ rù, tó sì lọ. Nígbà tí mo fi rí èsì náà, ọmọbìnrin náà ti bí ọmọ méjì fún ọkùnrin kan ní Doguè.