Irọ́ Tí Mo Pa Nítorí Òdòdó

Ohun tí mo rántí jù nípa ìgbà tí mo ṣe tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé, òdòdó ni. Inú rọ́bà ọ̀dà ni mo gbìn ín sí. Bí òjò bá dé, mo máa ń gbé e síta kó mumi yó. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, màá gbé e wọ yàrá, a ó sì jọ há síbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni eléwé aláràbarà tó pupa níhìn-ín, tó dà bí ìyeyè lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo ti gé e lọ́sẹ̀ tí a sin wọ́n. Ẹni tó ra ilé náà ti fi sìmẹ́ńtì bo ìyókù.

Ìyá onílé kò jẹ́ kí n rímú mí. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á dúró tì í.

"Tíṣà, kí la ń fi ewé yìí ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó, mà."

"Wàláì, ẹ̀fọ́ ì bá wà níbẹ̀!"

Ojoojúmọ́! Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ́ jáde, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wò, mà." Ọkọ́ padà sílé. Mo pe ara mi lọ́lọ́gbọ́n.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lò tó oṣù kan. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dín, inú sì ń bí mi nítorí ewé, òmùgọ̀ èmi, títí mo fi rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá onílé tí wọn ò fọwọ́ kàn lábẹ́ àga. "Àgbo tìẹ ni mò ń mu," ni wọ́n wí, orí sì ń fọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní irọ́ ni mo pa.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ahun! Nítorí ewé díẹ̀?"

Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń pè mí láhun tó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo fa gbogbo rẹ̀ tu. Ti ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fà. Mo dáná sun ún, wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń bú mi títí ó fi jóná tán. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n padà sídìí oògùn wọn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kó kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń sọ fún àwọn ayálégbé tuntun pé tíṣà kan wà rí tó sun oògùn kó má baà fún àgbà. Ó ń bí mi nínú gan-an. Wọ́n ṣáà wà láyé tí wọ́n ń sọ ọ́.